Irúgbìn Méjì Nínú Oko Kan: Ẹ̀kọ́ Lórí Àgbìnpọ̀ àti Oògùn Apakòkòrò

Bíbélì kíkà: Deut. 22:6-11, Isa. 28:23-29, Luku 13:6-9
Fún kíkà nílé: Eks. 21:33-34

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí kò jìnnà sí ìdí ààrò. Ó dá lórí bí a ṣe ń bá kòkòrò jà lórí ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, àgbàdo àti tòmátì, ìbáà ṣe ní oko ńlá tàbí ní ebè mẹ́ta ẹ̀yìn ilé.

Ìbéèrè kan ni ó bí ẹ̀kọ́ náà. A ń sọ̀rọ̀ ní ìpàdé nípa bí a ṣe lè dín oògùn kòkòrò kù nípa gbígbin oríṣi irúgbìn papọ̀, ni ìyá àgbà kan bá dìde. Wọ́n ní, "Ṣé Bíbélì kò ti sọ pé kí á má ṣe gbin irúgbìn méjì sínú oko kan ni? Ta ni yóò gbà wá sílẹ̀ bí a bá ṣe é?" Gbogbo ilé parọ́rọ́. Èmi tí a pè ní olùkọ́ kò rí èsì fọ̀. Mo lọ sílé, mo ṣí Bíbélì mi, mo sì bi àwọn tí ó mọ̀ jù mí lọ. Ohun tí mo rí ni mo kọ síhìn-ín.

Òótọ́ ni ìyá sọ. Deut. 22:9 kìlọ̀ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kí wọ́n má ṣe gbin oríṣi irúgbìn méjì sí ọgbà àjàrà, Lef. 19:19 sì sọ bákan náà nípa oko. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ mọ ènìyàn, a máa ń wo àwọn tí ó ń bá rìn. Ẹ wo àwọn ẹsẹ tí ó bá ẹsẹ 9 rìn. Ẹsẹ 10 ní kí á má ṣe so màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ pọ̀ fi túlẹ̀. Ẹsẹ 11 ní kí á má ṣe wọ aṣọ tí a fi irun àgùntàn àti ọ̀gbọ̀ hun pọ̀. Nínú gbogbo àwa tí a jókòó lọ́jọ́ náà, n kò rò pé a lè rí ẹni mẹ́ta tí aṣọ ọrùn wọn jẹ́ òwú kan ṣoṣo. Aṣọ ẹgbẹ́ wa gan-an, òwú pẹ̀lú ọ̀rá ni wọ́n fi hun ún.

Àmì ni òfin wọ̀nyí jẹ́ fún Ísírẹ́lì, pé a yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò láàrín àwọn orílẹ̀-èdè tí ó yí wọn ká. Nínú Abala Ìgbàgbọ́ tí John Wesley ṣètò fún àwọn Mẹ́tọ́díìsì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1784, abala kẹfà yanjú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: òfin Mósè tí ó jẹ mọ́ ayẹyẹ àti ìlànà ìsìn kò de Kristẹni, ṣùgbọ́n kò sí Kristẹni kankan tí ó bọ́ lọ́wọ́ àwọn àṣẹ tí ó jẹ mọ́ ìwà.

Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì pàápàá kò lóye òfin náà pé ohun ọ̀gbìn kan ṣoṣo ni kí ó wà ní ilẹ̀ ẹni. Ẹ ka Isa. 28 dáadáa. Wòlíì sọ ti àgbẹ̀ kan tí ó tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ pẹrẹsẹ, tí ó fọ́n irúgbìn wẹ́wẹ́ sí ibì kan, tí ó gbin àlìkámà ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, tí ó fi ọkà báálì sí ipò tirẹ̀, tí ó sì gbin oríṣi ọkà mìíràn. Àwọn ìtumọ̀ Bíbélì kan sọ pé eteetí oko ni ó gbin ti ìkẹyìn yìí sí. Wòlíì ní Ọlọ́run ni ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi eteetí oko yẹn sọ́kàn, a óò padà sí i. Nínú Luku 13, Olúwa wa fúnra rẹ̀ pa òwe ọkùnrin tí ó gbin igi ọ̀pọ̀tọ́ sínú ọgbà àjàrà. Ohun tí ó bí ọkùnrin náà nínú ni pé igi kò so. Kò sí ẹni tí ó bá a wí pé ó gbìn ín síbẹ̀.

ẸSẸ TÍ A FÒ KỌJÁ

Nígbà tí mo ń wá èsì ẹsẹ 9, ẹsẹ 8 ni ó mú mi. Ó ní ẹni tí ó bá kọ́ ilé titun gbọ́dọ̀ ṣe ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnìkan má baà ti ibẹ̀ ṣubú, kí ẹ̀jẹ̀ má baà wá sórí ilé náà. Òrùlé pẹrẹsẹ ni ti wọn, àwọn ènìyàn ń jókòó níbẹ̀, wọ́n ń sùn níbẹ̀. Eks. 21:33-34 tún sọ pé ẹni tí ó gbẹ́ kòtò tí kò bò ó, bí ẹran ẹlòmíràn bá jìn sí i, òun ni yóò san án. Èyí kì í ṣe ti ayẹyẹ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ọmọnìkejì ni. Nínú Ìlànà Gbogbogbòò tí Wesley kọ fún àwọn ẹgbẹ́ wa ní 1743, ohun àkọ́kọ́ tí ó béèrè lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ ni pé kí ó má ṣe ibi. Nínú ìwàásù rẹ̀ lórí ìlò owó, ó gbà wá láyè kí á wá owó tokuntokun, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí yóò ba ara wa tàbí ara ẹnìkejì wa jẹ́. Ó dárúkọ iṣẹ́ tí a fi ń fọwọ́ kan májèlé arsenic àti iṣẹ́ tí a fi ń fa èéfín òjé símú. Bí ó bá jẹ́ ayé tiwa ni, mo gbà pé ì bá fi ìgò oògùn kòkòrò kún un.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ara mi níhìn-ín, kí ẹ má baà rò pé orí àga ìdájọ́ ni mo wà. Ní ọdún kan, kòkòrò bo ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ mi. Mo ra oògùn, mo fín in ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Kí ó tó di òwúrọ̀ Sátidé, oníbàárà ti dé. Mo já ẹ̀fọ́ náà, mo dì í ní ìdì ìdì, mo gbowó. Arábìnrin kan tí a jọ ń jókòó lórí ìjókòó kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì rà nínú rẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé ewé mi dán, kò ní ihò kankan. Ẹ̀fọ́ tí èmi àti àwọn ọmọ mi jẹ lọ́jọ́ náà, ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mo ti já a, níbi tí oògùn kò dé. N kò gbọ́ pé inú run ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi mọ ohun tí ó ń ṣe nígbà tí ó ya tiwa sọ́tọ̀. Àwa tí ẹ̀rù ẹsẹ 9 bà ní ìpàdé, a ti ń fo ẹsẹ 8 kọjá láti ọdún yìí wá.

OHUN TÍ OÒGÙN ṢE FÚN WA, ÀTI OHUN TÍ Ó GBÀ LỌ́WỌ́ WA

Kí á má purọ́ mọ́ oògùn. Àwọn bàbá wa tí ó dá oko kòkó rántí Gammalin 20, bí ó ti gba kòkó lọ́wọ́ àwọn kòkòrò tí ń fa omi ara èso àti ẹ̀ka rẹ̀. Ẹni tí ó ti rí oko kòkó tí ó ń kú lọ kò ní fi ẹni tí ó fín in ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n Gammalin yẹn kan náà ni àwọn kan dà sí odò láti fi pa ẹja, tí wọ́n sì ta ẹja náà. Lindane, tí í ṣe agbára inú rẹ̀, kì í tètè kúrò nínú ilẹ̀ àti nínú ọ̀rá ara ẹran àti ènìyàn. Ní 2009 ni àdéhùn àgbáyé ti Stockholm fi í sí ara àwọn oògùn tí a ó mú kúrò nílẹ̀. DDT ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀: ẹni tí ó ṣàwárí agbára rẹ̀ lórí kòkòrò gba ẹ̀bùn Nobel ní 1948, ṣùgbọ́n ní 1962 obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Rachel Carson, tẹ ìwé tí ó fi han gbogbo ayé bí irú oògùn wọ̀nyí ṣe ń pa ẹyẹ àti ẹja.

Èyí tí ó kàn wá jù lónìí ni dichlorvos, èyí tí a mọ̀ ní ọjà sí ọta-píapíà. Iṣan ara ni ó ń kọlù, bí ó ti ń kọlu iṣan kòkòrò ni ó ń kọlu ti ènìyàn: itọ́ á máa dà, òógùn á bo ni, èémí á le. Ní 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí rẹ̀. Ohun tí òfin wọn gbà láyè kò ju 0.01 mílígíráàmù nínú kílò ẹ̀wà kan lọ. Ohun tí wọ́n bá nínú ẹ̀wà tiwa bẹ̀rẹ̀ láti 0.03, ó sì dé 4.6. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: èyí tí ó pọ̀ jù jẹ́ ìlọ́po 460 ohun tí òfin gbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ nígbà náà pé ojú òyìnbó ti le jù. Èrò tèmi yàtọ̀. Ẹ̀wà tí wọ́n dá padà, ta ni ẹ rò pé ó ń jẹ irú rẹ̀ nílé? Ní 2019, àjọ NAFDAC fòfin de ìgò kékeré 100 ml ti dichlorvos, nítorí pé ìgò yẹn ni ó rọrùn láti gbé wọ inú ilé, tí àwọn ọmọdé sì ń rí i fà.

Oko pẹ̀lú ní ẹjọ́ tirẹ̀. Oògùn tí a ń fín kò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Ó ń pa kòkòrò tí ń jẹ ewé, ó sì ń pa aláǹtakùn, agbọ́n, àti kòkòrò pupa kékeré ẹlẹ́yìn rogodo alámì dúdú tí í jẹ àwọn tí ń fa omi ewé. Ó ń pa oyin. Àwọn kòkòrò díẹ̀ tí oògùn kò ràn á ṣẹ́kù, wọn á bímọ, àwọn ọmọ wọn á jọ wọ́n. Ọ̀tá á padà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀rẹ́ kò ní tètè padà. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó fín lẹ́ẹ̀kan ní ọdún àkọ́kọ́ fi ń fín lẹ́ẹ̀mẹrin ní ọdún kẹta.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rẹ́ àgbẹ̀ wọ̀nyí kéré jù láti ṣe ohun gidi, kí ó bi àwọn tí ó gbin ẹ̀gẹ́ ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Kòkòrò funfun kan wọlé láti Gúúsù Amẹ́ríkà, ara rẹ̀ dàbí ẹni pé wọ́n da ìyẹ̀fun sí i. A kọ́kọ́ rí i ní ilẹ̀ Kóńgò ní 1973, ó sì tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Orí ẹ̀gẹ́ á lọ́ mọ́ra, ewé á ká kò, iṣu abẹ́ rẹ̀ á dín kù. Ta ni ó lówó tí yóò fi fín oògùn sí gbogbo ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà? Àwọn onímọ̀ ní IITA, ní Ìbàdàn, ronú lọ́nà mìíràn: ibi tí kòkòrò yìí ti wá, kí ni ó ń pa á níbẹ̀? Ní 1981 wọ́n rí i ní Paraguay, agbọ́n kan tí kò ju èèrà kékeré lọ, tí kì í ta ènìyàn, tí í yé ẹyin rẹ̀ sínú ara kòkòrò funfun náà. Ọmọ agbọ́n á jẹ ẹ́ láti inú. Wọ́n tú u sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún yẹn kan náà, lẹ́yìn náà ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, ó sì ṣẹ́gun fún wa láìsí ìgò kan. Ọ̀gá iṣẹ́ náà, Hans Herren ará Switzerland, gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 1995 nítorí rẹ̀. Gààrí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń yan lónìí, agbọ́n tí ojú wa kò rí ni ó ń ṣọ́ ọ. Oko tí a bá ń fín lọ́tùn-ún lósì, agbọ́n náà kò lè gbé ibẹ̀.

ÀGBÌNPỌ̀

Àgbìnpọ̀ kì í ṣe ohun titun lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀wà àti àgbàdo tí ó ń di àdàlú nínú ìkòkò, inú oko kan náà ni wọ́n ti mọ ara wọn. Àwọn ìyá wa gbin ẹ̀gúsí sáàárín iṣu àti àgbàdo, ewé rẹ̀ bo ilẹ̀, kò jẹ́ kí èpò rí oòrùn, ilẹ̀ sì tutù. Nígbà tí a wá ń gbọ́ pé oko ọ̀làjú ni èyí tí ó jẹ́ ohun kan ṣoṣo láti ìhín dé ọ̀hún, a bẹ̀rẹ̀ sí fi tiwa pamọ́ bí ẹni tí ojú ń tì. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Kòkòrò tí ó fẹ́ràn tòmátì, bí ó bá dé oko tí ó jẹ́ kìkì tòmátì, ilé àsè ni ó dé. Bí ó bá ní láti fo àlùbọ́sà, kí ó kọjá àgbàdo, kí òórùn ẹfinrin sì da imú rẹ̀ rú kí ó tó rí tòmátì kan, yóò pẹ́ kí ó tó bímọ, àwọn tí ń jẹ ẹ́ á sì ti rí i lọ́nà.

Àpẹẹrẹ tí ó ga jù lọ tí mo mọ̀ wá láti ilẹ̀ Kẹ́ńyà, ní Mbita, létí adágún Victoria. Ọ̀mọ̀wé Zeyaur Khan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí ICIPE, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ Rothamsted ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ṣe iṣẹ́ yìí láti àwọn ọdún 1990. Ọ̀tá wọn ni kòkòrò tí ń lu igi àgbàdo ní ihò. Àfòpiná kan ní í yé e lóru sára àgbàdo. Ọmọ rẹ̀ á wọ inú igi, oògùn tí a fín sí ìta kò ní bá a mọ́. Wọ́n gbin ewéko kan tí à ń pè ní desmodium, ìbátan ẹ̀wà, sáàárín ọ̀wọ́ àgbàdo. Òórùn rẹ̀ ń lé àfòpiná sá. Ní eteetí oko, yíká yíká, wọ́n gbin èèsún. Òórùn èèsún ń fà á mọ́ra, ó sì wù ú láti yé síbẹ̀ ju ara àgbàdo lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ kòkòrò bá bẹ̀rẹ̀ sí lu èèsún, oje tí ó lẹ̀ bí àtè á tú jáde, á sì mú un. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń yè. Àárín ń lé e, eteetí ń fà á. Ẹ rántí àgbẹ̀ inú Isa. 28, ẹni tí ó mọ ohun tí yóò fi sí ọ̀wọ́ àti ohun tí yóò fi sí eteetí.

Desmodium náà kò dúró lásán. Bí ẹ̀wà ti ń ṣe, ó ń mú ọ̀rá padà sínú ilẹ̀, ohun tí gbòǹgbò rẹ̀ ń tú sílẹ̀ sì ń dí èpò burúkú kan lọ́wọ́, èyí tí í fa oje àgbàdo láti gbòǹgbò. Màlúù àti ewúrẹ́ ń jẹ òun àti èèsún. Nígbà tí kòkòrò ajẹ-àgbàdo titun tí ó ti Amẹ́ríkà wá dé ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní 2016, tí ó sì tàn kálẹ̀, àwọn tí ó gbin oko wọn lọ́nà yìí ní Ìlà-oòrùn Áfíríkà rí i pé ọṣẹ́ tí ó ṣe fún wọn kéré sí ti aládùúgbò wọn.

Kí ni a lè ṣe níhìn-ín, láìdúró de irúgbìn láti Kẹ́ńyà? Ẹ padà sí ẹ̀wà àti àgbàdo. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí í wọ inú òdòdó ẹ̀wà, tí í mú un rẹ̀ dànù kí ó tó so, máa ń dín kù nígbà tí àgbàdo bá wà láàárín ẹ̀wà. Kí ẹ má fún wọn pọ̀ jù, nítorí òjìji àgbàdo lè má jẹ́ kí ẹ̀wà so dáadáa. Ẹ má sì fi tòmátì, ata àti ìgbá ṣe ọ̀rẹ́ ara wọn: ìbátan ni wọ́n, àrùn kan náà ni ó ń pa wọ́n, ẹni tí ó bá gbìn wọ́n pọ̀ tàbí tí ó fi ọ̀kan rọ́pò èkejì lórí ebè kan náà ń gbé àrùn lọ bá àrùn ni. Àlùbọ́sà ni kí ó tẹ̀lé wọn, tàbí àgbàdo.

Bí ẹ bá fa tòmátì tí ó ń rọ tu, tí ẹ rí i pé gbòǹgbò rẹ̀ wú ní kókó kókó, aràn inú ilẹ̀ ni, ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i. Kò sí oògùn fífín tí yóò bá a níbẹ̀. Òdòdó kan wà tí à ń pè ní marigold, olómi ọsàn tàbí àwọ̀ ìyeyè, òórùn rẹ̀ le. Ọ̀pọ̀ yín ti rí i lẹ́nu ọ̀nà ilé àwọn ènìyàn. Gbòǹgbò rẹ̀ ń pa aràn náà. Ṣùgbọ́n níhìn-ín ni wọ́n ti ń tan àwọn ènìyàn jẹ: gbígbin ẹsẹ̀ mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ tòmátì kò ṣe nǹkan púpọ̀. Kí ó kún ebè náà dẹ́múdẹ́mú, kí ó lo oṣù méjì ó kéré tán, kí ẹ ro ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀, kí ẹ tó gbin tòmátì síbẹ̀. Ó gba sùúrù. Olùtọ́jú ọgbà inú Luku 13 náà bẹ̀bẹ̀ fún ọdún kan sí i, ó ní òun óò walẹ̀ yí igi náà ká, òun óò bu ìlẹ̀dú sí i.

IBI TÍ ÀGBÌNPỌ̀ KÒ TÓ

N kò ní parọ́ fún yín pé àgbìnpọ̀ ń wo gbogbo rẹ̀ sàn. Kòkòrò tí ń lu òdòdó àti pódi ẹ̀wà, ó le. Àgbàdo àárín rẹ̀ kò tó láti dá a dúró, ẹ̀wà tí a kò sì tọ́jú lè fẹ́rẹ̀ẹ́ má mú nǹkan wálé. Níbẹ̀, dóńgóyárò ni mo kọ́kọ́ máa ń gbà wá nímọ̀ràn. Ẹ bó èso rẹ̀ gbígbẹ, ẹ gún kóró inú rẹ̀. 500 gíráàmù fún lítà omi 10. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́júmọ́, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i kí ó lè lẹ̀ mọ́ ewé, ẹ sì fín in ní ìrọ̀lẹ́ nítorí oòrùn tètè ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Kì í pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀, ẹ má bínú sí i; ó ń dí i lọ́wọ́ oúnjẹ àti ìdàgbà ni. Ẹ má ṣe fi òróró rẹ̀ fún ọmọ ọwọ́ mu, ó ti ṣe ọmọ ní jàǹbá rí. Àwọn kan máa ń sọ pé ohun tí ó bá ti jẹ́ ewé kò lè pa ni. Ewé ni tábà. Omi tábà jẹ́ májèlé fún ènìyàn, ó sì lè gbé àrùn wọ ara tòmátì àti ata, ẹ fi í sílẹ̀.

Bí ó bá di dandan kí á lo oògùn ilé ìtajà, a jẹ́ pé kí á ṣe ìgbátí sí òrùlé wa. Oògùn tí a kọ sára ìgò rẹ̀ pé ó wà fún ohun ọ̀gbìn náà ni kí á rà, nínú ìgò tí a kò tíì ṣí. Kì í ṣe èyí tí wọ́n bù sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ara ìgò náà ni a óò ti rí iye ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ kọjá kí á tó kórè. Bí a kò bá lè kà á, ọmọ wa tí ó lọ ilé-ìwé á kà á fún wa. Obìnrin tí ó lóyún tàbí tí ó ń fún ọmọ lọ́mú kò gbọ́dọ̀ fín in. Kí á bo imú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀, kí á má dojú kọ afẹ́fẹ́, kí á má fín in ní òwúrọ̀ tí oyin wà lórí òdòdó. Ìgò òfìfo, kí á dá a lu, kí á má fi pọn omi, kí á má fi ṣe ìgò epo. Kòtò inú Eks. 21 ni ìgò yẹn, ẹni tí ó ṣí i ni yóò bò ó.

Ti ẹ̀wà tí a ń tọ́jú pamọ́, n kò rí àwáwí kankan fún wa. Dichlorvos kò ní iṣẹ́ kankan lára oúnjẹ. Àpò onípele mẹ́ta wà, ọ̀rá méjì nínú àpò kan. Ní Kamẹrúùnù ni àwọn onímọ̀ yunifásítì Purdue ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Ẹ sá ẹ̀wà kí ó gbẹ dáadáa, ẹ dà á sí i, ẹ fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ so ọ̀rá kọ̀ọ̀kan le. Àwọn kòkòrò inú rẹ̀ á mí afẹ́fẹ́ tí ó kù tán, wọn á kú. Ẹ má ṣí i fún oṣù kan ó kéré tán. Ẹni tí kò rí àpò náà, kẹ́ẹ̀gì tí ìdérí rẹ̀ le, tí a kún dé ẹnu, á ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

Mo ka gbogbo èyí fún ìyá àgbà wa kí n tó fi í ránṣẹ́. Wọ́n tẹ́tí títí dé òpin, wọ́n ní ti Wesley yé wọn, ti ọ̀pọ̀tọ́ inú ọgbà àjàrà sì yé wọn jù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè pé, "Òdòdó tí ẹ wí yẹn, níbo ni a ti ń rí èso rẹ̀?" Mo ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà lé mi lọ́wọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Àwọn òfin wo nínú Deut. 22:6-11 ni ó jẹ mọ́ àmì Ísírẹ́lì, àwọn wo ni ó jẹ mọ́ ìwà sí ọmọnìkejì? Níbo ni ẹ ó fi òfin ìyá ẹyẹ ní ẹsẹ 6 àti 7 sí?

2. Ǹjẹ́ ohun kan wà tí o ń tà tí o kì í fún àwọn ọmọ tìrẹ jẹ? Ẹni tí kò bá fẹ́ dáhùn ní gbangba kò ní ìdí láti ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí a fún gbogbo ènìyàn ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti ronú.

3. Kí ni àwọn ìyá wa máa ń gbìn papọ̀ tí a ti fi sílẹ̀? Kí akọ̀wé kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú ìdí tí àwọn àgbà sọ fún un.

4. Fún ìpàdé tí ń bọ̀: kí olúkúlùkù mú ẹ̀kún ọwọ́ kan irúgbìn wá fún pàṣípààrọ̀, ẹ̀gúsí, ẹ̀wà, ẹfinrin tàbí àlùbọ́sà. Ẹni tí marigold bá wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ jẹ́ kí òdòdó díẹ̀ gbẹ lórí igi, kí ó ká a sínú bébà, kí ó sì kọ orúkọ ìyá àgbà sí i.